Bí a ṣe ń dín oúnjẹ kù lẹ́yìn ogójì ọdún kí iṣan ara má baà bá a lọ

Ẹ gun ìwọ̀n láàárọ̀ kí ẹ tó jẹun, kí ẹ sì fi tépù wọn ikùn yín ní ọ̀gangan ìdodo. Ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀.

Ẹ wá ṣírò èròjà amúaradàgbà yín: gíráàmù 1 sí 1.2 fún kílò kọ̀ọ̀kan lójúmọ́. Ẹni tó wọn kílò 70 ń wá 70 sí 84. Ẹyin kan ní bíi 6. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò bá dá ṣáṣá, kó bi dókítà rẹ̀ ná.

Ó ku dídín oúnjẹ kù, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń bà á jẹ́. Ẹja àti ẹran ni wọ́n á kọ́kọ́ dín kù, wọ́n á ní àgbà ti dé. Àmàlà méjì á wà bó ṣe wà, pẹ̀lú ewédú àti pọ̀nmọ́. Tó bá ṣe díẹ̀, kílò á já wálẹ̀, inú wọn á máa dùn. Ẹ ní kí wọ́n dìde lórí àga láìfọwọ́ ti orúnkún, wọn ò ní lè ṣe é. Iṣan ló lọ, ikùn ṣì ń bẹ. Oúnjẹ òkèlè ni kí ẹ dín kù, kí gbogbo rẹ̀ má ju ìkúùkù yín lọ. Ẹja ni kí ẹ kọ́kọ́ bù sábọ́. Tí kílò bá sì ń lọ tí tépù ò kúrò lójú kan, ẹ fi ẹja kún un.

Ẹ má ka pọ̀nmọ́ mọ́ ẹran o. Awọ ni, amúaradàgbà inú rẹ̀ kò pé fún iṣan. Gbẹ̀gìrì tó ki sàn jù ú lọ. Èyí tó ń ṣàn bí omi kò sí nínú ìṣirò.

Àwọn mìíràn á febi pa ara wọn dalẹ́, wọ́n á wá kọlu iyán láago mẹ́sàn-án. Ẹ pín amúaradàgbà sí ẹ̀ẹ̀mẹta, torí ara kì í tọ́jú rẹ̀ pamọ́ bó ṣe ń tọ́jú ọ̀rá. Ẹyin méjì tàbí mọ́ínmọ́ín kì í wọ́n lábọ́ mi láàárọ̀. Tówó ẹran ò bá sí, sáwá, ẹ̀wà àti wàrà ń bẹ.

Ṣíbí ìjẹun ni kí ẹ fi máa wọn epo. Ọ̀kan ti lé ní kálórì 100. Ẹni tó ń dà á látinú ìgò kò mọ ohun tó ń jẹ.

Iṣan tí kò ṣiṣẹ́ kì í dúró, bó ti wù kí ẹja pọ̀ tó. Ẹ máa jókòó kí ẹ máa dìde lórí àga lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kọ́wọ́ má kan nǹkan. Tó bá ti rọrùn, ẹ rọ omi sínú kẹ́ẹ̀gì lítà márùn-ún kan, kí ẹ gbé e máyà ṣe é. Ẹ má tíì ra irin eré ìdárayá kankan.