Ẹ máa dá ọmọ lóhùn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ìyá ọmọ wa, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń pọn ọmọ lọ sọ́jà Ìtokù àti Kútọ̀ l'Abẹ́òkúta. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dúró dìgbà tọ́mọ bá gbọ́n kẹ́ ẹ tó máa bá a sọ̀rọ̀. Inú oyún ló ti ń gbọ́ ohùn ìyá ẹ̀. Tó bá tó bí oṣù 6, tó ń ṣe "bà-bà-bà", iṣẹ́ gidi ló ń ṣe yẹn: ẹ dá a lóhùn, ẹ dákẹ́ díẹ̀, kóun náà fèsì. Ìró àti ohùn èdè ló ń kọ́, kó tó kan ọ̀rọ̀, kó tó wá máa so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀ ní nǹkan bí ọdún 2. Ẹ máa ki oríkì ẹ̀ fún un tẹ́ ẹ bá ń wẹ̀ ẹ́. Tẹlifíṣọ̀n ò lè ṣe é, kì í fèsì fọ́mọ.

Tó bá pe ewúrẹ́ ní ajá, ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́ rárá, ẹ ṣáà ní, "Ewúrẹ́ ni, ewúrẹ́ dúdú." Ẹ má sì bẹ̀rù láti máa sọ Yorùbá sí i, kò ní dí Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀ lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n tí kì í bá wẹ̀yìn tí wọ́n bá pè é, tàbí tó pé oṣù 18 láì sọ ọ̀rọ̀ kankan, ẹ tètè gbé e lọ sí FMC, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ìdí-Aba, kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ etí ẹ̀ wò.