Kọ́ọ̀kì lílọ̀: ibi tó wúlò nínú ilé àti bẹ́ ẹ ṣe máa lò ó

Kọ́ọ̀kì tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ níbí, kì í ṣe ìdérí onírin orí ìgò mínírà o. Èyí tí wọ́n fi ń dí ẹnu ìgò wáìnì ni, tó fúyẹ́, téèyàn á tẹ̀ ẹ́ tá á tún padà sí bó ṣe wà. Wọ́n máa ń lọ irú ẹ̀ wẹ́wẹ́, wọ́n á dì í sínú àpò, wọ́n á tà á, iṣẹ́ tó sì lè ṣe nínú ilé pọ̀ gan-an. Mo fẹ́ràn ẹ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi gbogbo ló yẹ kéèyàn dà á sí, torí náà màá sọ ibi tó ti dáa, màá sì sọ ibi tí ẹ máa kàn fowó ṣòfò.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tó ti ń wá. Èèpo igi ni. Igi ọ̀hún ń jẹ́ Quercus suber, etí Òkun Mẹditaréníà ló ti ń hù, ní Pọ́túgà, Sípéènì, Mòrókò, Àlùjíríà, Tùnísíà, Ítálì àti gúúsù Faransé. Pọ́túgà ló ṣíwájú gbogbo wọn, bí ìdajì kọ́ọ̀kì tí gbogbo ayé ń lò, ọ̀dọ̀ wọn ló ti ń jáde, pàápàá agbègbè Alentejo. Wọn kì í gé igi náà, wọ́n ń bó o ni. Igi á dàgbà tó bí ọdún 25 kí wọ́n tó bó o nígbà àkọ́kọ́, lẹ́yìn ìyẹn, òfin Pọ́túgà sọ pé ó kéré tán ọdún 9 gbọ́dọ̀ kọjá kí wọ́n tó tún fọwọ́ kàn án. Èèpo àkọ́kọ́ le, ó rí gbágungbàgun, ìkejì náà ò tíì dáa tó fún wáìnì, ẹ̀ẹ̀kẹta ni wọ́n tó ń rí ìdérí ìgò gidi yọ lára ẹ̀, ẹ ṣírò ẹ̀, igi ọ̀hún á ti lé ní 40 ọdún.

Àáké ni wọ́n fi ń bó o, láti bí oṣù karùn-ún sí oṣù kẹjọ nígbà tí ooru bá mú. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe á ṣá àáké wọ inú èèpo lóròó, á wá yí ẹnu àáké díẹ̀ kó lè ya èèpo kúrò lára igi, á sì máa tẹ́tí sí bó ṣe ń dún, torí ohùn yẹn ló fi ń mọ̀ bóyá èèpo ti gbà láti ṣí. Bí àáké bá ta inú igi lọ́gbẹ́, èèpo ò ní hù dáadáa níbẹ̀ mọ́. Tí wọ́n bá bó o tán, ara igi á pọ́n, wọ́n á wá fi ọ̀dà kọ nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn ọdún yẹn sí i lára, èyí tí wọ́n bó lọ́dún 2024, 4 ni wọ́n á kọ, ó di 2033 kẹ́nikẹ́ni tó tún bó o. Igi kan lè lo tó 200 ọdún láyé. Ìdí tí mo fi ń sọ gbogbo eléyìí ni pé mo máa ń gbọ́ káwọn èèyàn sọ pé àwọn ò fẹ́ ra kọ́ọ̀kì torí pé ó ń pa igbó run, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Owó tó ń wọlé látara èèpo yẹn ni ò jẹ́ káwọn tó ni ilẹ̀ gé igi náà kí wọ́n fi gbin nǹkan míì.

Tí wọ́n bá ti lu ìdérí ìgò yọ lára èèpo tán, èyí tó ṣẹ́ kù ló pọ̀ jù, òun àtàwọn èèpo líle àkọ́kọ́ yẹn ni wọ́n ń lọ̀. Kódà eruku tó ń bọ́ sílẹ̀ nídìí lílọ̀, àwọn ilé iṣẹ́ ń fi dáná.

Ohun tó jẹ́ kó wúlò ni afẹ́fẹ́. Lọ́dún 1665, Robert Hooke, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Gẹ̀ẹ́sì, kọ ọ́ sínú ìwé pé nígbà tóun fi awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wo kọ́ọ̀kì, òun rí i pé yàrá kéékèèké ló kún inú ẹ̀. Nínú kọ́ọ̀kì tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà kan, tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà kan, tó sì ga ní sẹ̀ǹtímítà kan, irú yàrá bẹ́ẹ̀ tó mílíọ̀nù 40, afẹ́fẹ́ ló sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ara ògiri àwọn yàrá yẹn ni nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní suberin wà, òun ni ò jẹ́ kómi ráyè wọlé. Ibẹ̀ ni gbogbo àǹfààní ẹ̀ ti ń wá: ooru àti òtútù ò lè tètè gbà á kọjá, kò wúwo, kì í tètè jẹrà, kì í sì í mumi bíi kànìnkànìn. Bí ooru ṣe ń gba inú ẹ̀ kọjá ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti òwú gíláàsì tí wọ́n ń tẹ́ sórí àjà. Ẹ kíyè sí ibẹ̀ yẹn o, torí ẹni tó bá sọ fún yín pé kọ́ọ̀kì ń dá òtútù dúró ní ìlọ́po méjì òwú gíláàsì fẹ́ gbowó yín ni. Ibi tó ti dáa jù ú lọ ni pé kì í yún ara, tómi bá sì kán sí i, á gbẹ padà, kò ní rọ̀ palẹ̀ bí òwú ṣe máa ń ṣe.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà á, oríṣi méjì lẹ máa rí. Ọ̀kan pọ́n rúsúrúsú, èèpo tútù tí wọ́n kàn lọ̀ nìyẹn. Èkejì dúdú bí ohun tíná kàn, ooru gbígbóná ni wọ́n fi wú u, ó fúyẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó sì máa ń rùn bí èéfín díẹ̀, òórùn yẹn á lọ tó bá yá. Wọ́n ń kọ bí hóró ẹ̀ ṣe tóbi tó sára àpò ní mìlímítà. Èyí tó wà láàárín 3 sí 7 ló dáa fún dídà sáàárín pákó, èyí tí ò ju 3 lọ ló dáa fún pípò mọ́ nǹkan rírẹ́. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ fọwọ́ méjèèjì ra á, kẹ́ ẹ da hóró nù, kẹ́ ẹ wo àtẹ́lẹwọ́ yín. Bí eruku bá bò ó, wọn ò jọ̀ ọ́ dáadáa. Kẹ́ ẹ gbóòórùn ẹ̀ pẹ̀lú, tó bá ń rùn bí aṣọ tó bu, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn.

Ibi tí mo gbà pé owó ẹ̀ ti jáde jù ni abẹ́ ilẹ̀ onípákó. Àwọn tó ń gbé London àtàwọn ìlú Gẹ̀ẹ́sì yòókù mọ irú ilé tí mò ń sọ, àwọn ilé àtijọ́ tí wọ́n pín sí fúláàtì, tẹ́ni tó wà lókè bá tan tẹlifíṣọ̀n ẹni tó wà nísàlẹ̀ á máa gbọ́ ìròyìn. Igi gbọọrọ gbọọrọ ló wà lábẹ́ pákó tẹ́ ẹ̀ ń tẹ̀ yẹn, àárín igi kan sí èkejì ṣófo, inú òfìfo yẹn la fẹ́ dí. Tó bá jẹ́ pé ẹ háyà ilé ni, ẹ gbàṣẹ lọ́wọ́ lánlọ́ọ̀dù kẹ́ ẹ tó ṣí pákó kankan.

Ẹ wọn yàrá ná. Ká ní ó gùn ní mítà 4, ó fẹ̀ ní mítà 3, kẹ́ ẹ sì fẹ́ kí kọ́ọ̀kì jìn ní sẹ̀ǹtímítà 10, ìyẹn jẹ́ 1.2 tí wọ́n bá fi mítà wọn ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ yọ bí ìdá kan nínú mẹ́wàá kúrò torí àwọn igi, ó kù bíi 1.1, ìyẹn lítà 1,100. Tó bá jẹ́ àpò onílítà 100 lẹ fẹ́ rà, 11 ni, ẹ ra 12 torí ó máa ń rọ̀ wálẹ̀. Gbogbo ẹ̀ ò ní wúwo ju bíi kílò 80 lọ. Yanrìn ń dí ariwo ju kọ́ọ̀kì lọ nítòótọ́, torí ìwúwo ẹ̀, ṣùgbọ́n yanrìn tó máa kún àyè yẹn á lé ní kílò 1,700, ẹ ò sì lè gbé ìyẹn lé àjà ilé àtijọ́ láìpe ẹni tó mọ̀ nípa ilé kíkọ́.

Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà sára pákó kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ tó tú u, kó lè padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Tí ẹ bá ṣí i tán, ẹ gbá eruku àti ìṣó àtijọ́ jáde, kẹ́ ẹ wo igi dáadáa, tẹ́ ẹ bá rí ibi tó tutù tàbí tó ti ń jẹrà tàbí páìpù tó ń jò, ẹ dáwọ́ iṣẹ́ dúró kẹ́ ẹ tún ìyẹn ṣe ná, ẹni tó bá da kọ́ọ̀kì bo omi mọ́lẹ̀ ti fi àìsàn ilé pamọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí oníná wo wáyà, torí wáyà tí wọ́n bò mọ́lẹ̀ máa ń gbóná ju èyí tó wà ní gbangba, bẹ́ẹ̀ náà ni gílóòbù tí wọ́n rì sínú àjà yàrá ìsàlẹ̀, ẹ fi nǹkan tí kì í jóná ṣe ọgbà yí ìdí ẹ̀ ká kí hóró kọ́ọ̀kì má bàa débẹ̀. Kọ́ọ̀kì kì í tètè gbaná, kì í sì í yọ́ kán sílẹ̀ bíi fóòmù, àmọ́ ó ń jó, kẹ́nikẹ́ni má tàn yín.

Lẹ́yìn náà ẹ dí gbogbo ihò tí páìpù gbà kọjá, torí hóró yìí á wá ọ̀nà jáde bó ti wù kó kéré tó. Ẹ tẹ́ bébà nípọn sáàárín igi, kó gòkè díẹ̀ lára igi lọ́tùn-ún lósì, kẹ́ ẹ fi sitépúlà kàn án. Bébà tó ń mí ni mo ní, ẹ má tẹ́ náílọ́ọ̀nù, torí oru omi tó bá há sábẹ́ náílọ́ọ̀nù ló ń jẹ́ kígi jẹrà. Ẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí í dà á láti igun kan, bọ́kẹ́ẹ̀tì kan lẹ́ẹ̀kan, ẹ fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ fà á kó tẹ́jú, kẹ́ ẹ rọra tẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ má gún un o, torí afẹ́fẹ́ tó wà láàárín hóró náà wà lára ohun tẹ́ ẹ sanwó fún. Ẹ fi sílẹ̀ dọjọ́ kejì, ibi tó bá rọ̀ sílẹ̀, ẹ bù kún un, kẹ́ ẹ tó dá pákó padà.

Ohùn èèyàn àti tẹlifíṣọ̀n ló máa dínkù jù. Gìrìgìrì ẹsẹ̀ ń gba ara igi fúnra ẹ̀ kọjá, kọ́ọ̀kì tó wà nínú òfìfo ò lè dá ìyẹn dúró, àfi tẹ́ ẹ bá tún tẹ́ kọ́ọ̀kì pẹlẹbẹ sórí igi kẹ́ ẹ tó kan pákó mọ́ ọn, tàbí kẹ́ ẹ tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì tó nípọn. Tó bá jẹ́ orí àjà òkè pátápátá ni, níbi tí òtútù nìkan jẹ́ ìṣòro, tówó ò sì pọ̀, òwú gíláàsì lásán ni kẹ́ ẹ rà, torí ìwọ̀n tó yẹ kó jìn níbẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 25 lọ, kọ́ọ̀kì tó máa kún ìyẹn á gbọ́n owó yín gbẹ.

Ẹ wọ ìbòmú ní gbogbo àsìkò tẹ́ ẹ bá fi ń dà á. Àìsàn ẹ̀dọ̀fóró kan wà tí wọ́n ń pè ní suberosis, àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ kọ́ọ̀kì ló ń mú, eruku kọ́ọ̀kì tó ti bu ló ń fà á. Iṣẹ́ ọjọ́ kan nínú ilé kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fojú rí lójoojúmọ́, síbẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró ò ṣeé rà lọ́jà. Ẹ ṣí fèrèsé, ẹ má jẹ́ kọ́mọdé wọ yàrá náà títí tẹ́ ẹ fi máa gbálẹ̀ tán.

Wọ́n tún ń pò ó mọ́ sìmẹ́ńtì láti fi gbé ilẹ̀ sókè láìjẹ́ kó wúwo. Hóró lẹ máa kọ́kọ́ fi omi rin, kí gbígbẹ ẹ̀ má bàa fa omi sìmẹ́ńtì mu, kẹ́ ẹ tó da sìmẹ́ńtì lé e, bọ́kẹ́ẹ̀tì sìmẹ́ńtì kan sí kọ́ọ̀kì márùn-ún tàbí mẹ́fà lẹ lè fi bẹ̀rẹ̀, omi díẹ̀díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá bù ú tẹ́ ẹ sì dì í lọ́wọ́, kó dúró bẹ́ẹ̀, kómi má kán. Bí omi bá pọ̀, kọ́ọ̀kì á léfòó, sìmẹ́ńtì á rì sísàlẹ̀, iṣẹ́ bà jẹ́ nìyẹn. Ẹ kọ́kọ́ rẹ́ kékeré kan síbì kan ná, ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan wò ó, torí omi ara èèpo igi máa ń jẹ́ kí sìmẹ́ńtì pẹ́ kó tó le, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn èyí tó dúdú fún iṣẹ́ yìí. Ìkún abẹ́ lásán ni o, ẹ ṣì gbọ́dọ̀ rẹ́ yanrìn àti sìmẹ́ńtì lé e kẹ́ ẹ tó tẹ́ táìsì, kẹ́nikẹ́ni má sì fi ṣe òpó.

Nínú ìkòkò òdòdó, apá kan kọ́ọ̀kì sí mẹ́rin ilẹ̀ á jẹ́ kí ilẹ̀ fúyẹ́, kómi sì lè ṣàn lọ. Kò ní oúnjẹ kankan fún ewéko, ajílẹ̀ ṣì wà láyè tiẹ̀. Ẹ má dà á sórí ilẹ̀ gbangba níbi tí àgbàrá ń gbà, á léfòó lọ.

Àwọn pápá bọ́ọ̀lù oníkoríko àtọwọ́dá náà ti ń lò ó. Hóró rọ́bà dúdú tí wọ́n lọ̀ látinú táyà àtijọ́ ni wọ́n ń dà sáàárín koríko yẹn, lọ́dún 2023 ni European Union ṣòfin tó máa fòpin sí títà á, wọ́n fún wọn láyè títí di 2031, kọ́ọ̀kì sì wà lára ohun tí wọ́n ń fi rọ́pò ẹ̀. Kì í gbóná lábẹ́ oòrùn bíi rọ́bà dúdú, èyí ṣe pàtàkì fáwọn ọmọdé tó ń ṣubú lórí ẹ̀, àmọ́ òjò ńlá lè gbá a jọ sójú kan, wọ́n á sì máa bù kún un. Inú bàtà Birkenstock náà, hóró kọ́ọ̀kì tí wọ́n fi látẹ́ẹ̀sì, ìyẹn oje igi rọ́bà, lẹ̀ pọ̀ lẹ ń tẹ̀ yẹn.

Ẹ lè fi ìdérí wáìnì ṣe tiyín nílé tó bá jẹ́ ti ìkòkò òdòdó nìkan. Ẹ ṣa àwọn oníke kúrò, tẹ́ ẹ bá gé e, inú ẹ̀ máa ń dán funfun bíi fóòmù. Ẹ rẹ kọ́ọ̀kì gidi sínú omi gbígbóná fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó rọ̀, ẹ fi ọ̀bẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ sá a kó gbẹ, kẹ́ ẹ tó lọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹ má fi bílẹ́ńdà ata ṣe é, mọ́tò ẹ̀ ò ní lè gbé e. Ìdérí 50 ò lè fún yín ju nǹkan bíi lítà méjì lọ, ẹ rí i pé kò lè kún ilẹ̀ yàrá kankan. Ní Pọ́túgà, ẹgbẹ́ kan tó ń dáàbò bo àyíká, tó ń jẹ́ Quercus, ti ń kó irú ẹ̀ jọ láti 2008 lábẹ́ ètò tí wọ́n pè ní Green Cork, wọ́n á lọ̀ ọ́, á di nǹkan míì, kì í padà di ìdérí ìgò.

Èyí tó bá ṣẹ́ kù nínú àpò, ẹ so ẹnu ẹ̀, ẹ gbé e lé orí pákó kó má fara kan ilẹ̀, níbi tí kò tutù. Tí kò bá ti bu, ẹ ṣì lè lò ó lọ́dún tó ń bọ̀.