Bí a ṣe ń dá ọkọ̀ ojú irin akẹ́rù dúró lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kí ó má baà já

Bí ọkọ̀ ojú irin akẹ́rù bá dákẹ́ lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, a ó wá ohun tó bàjẹ́ lára rẹ̀, a ó sì tún un ṣe. Bí ó bá jẹ́ orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè ló ti dákẹ́, àtúnṣe kọ́ ni iṣẹ́ àkọ́kọ́. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni kí a so ọkọ̀ náà mọ́lẹ̀, kí a sì fi irin, ìyẹn bíréèkì ọwọ́, so ó, kì í ṣe atẹ́gùn. Ìwé òfin ilé-iṣẹ́ tí ẹ bá ń bá ṣiṣẹ́ ló lágbára ju ohun tí mo kọ síbí yìí lọ. Ìdí tí òfin náà fi rí bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ ṣàlàyé, nítorí ẹni tó bá mọ ìdí òfin kì í tètè fò ó.

Òkè Field ní British Columbia, ní Kánádà, ni mo fi ń ṣe àpẹẹrẹ. Nígbà tí wọ́n la ọ̀nà náà ní 1884, mítà 45 ló ń fi sọ̀ kalẹ̀ nínú 1,000, ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó sì gba ibẹ̀ já, ó pa òṣìṣẹ́ mẹ́ta. Fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni wọ́n fi lo ọ̀nà yẹn pẹ̀lú ẹ̀ka ojú irin tó yà gun òkè lẹ́gbẹ̀ẹ́ láti dá ọkọ̀ tó bá já dúró: ẹ̀ka yìí ni ojú irin máa ń kọjú sí nígbà gbogbo, àfi bí awakọ̀ bá fọn fèrè pé ọkọ̀ ṣì wà lọ́wọ́ òun ni ẹni tó ń ṣọ́ ibẹ̀ tó máa yí i padà sí ojú ọ̀nà gan-an. Ní 1909 ni wọ́n gbẹ́ ihò méjì tó yí po nínú òkè bí ìkarahun ìgbín, tí ìsọ̀kalẹ̀ náà fi dín kù sí mítà 22 nínú 1,000. Ó lè dà bíi pé kò tó nǹkan, nítorí mọ́tò wa ń gun ohun tó jù bẹ́ẹ̀ lọ lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n irin ló ń yí lórí irin níbí, bí ọkọ̀ náà bá sì wúwo tó tọ́ọ̀nù 10,000, agbára tó ń fà á sísàlẹ̀ tó ìwúwo tọ́ọ̀nù 220, kò sì ní sinmi títí ọkọ̀ fi máa dé ìsàlẹ̀.

Nítorí náà, orí òkè ni ìmúrasílẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ mọ ìwúwo ẹrù yín, kí ẹ má ṣe fojú díwọ̀n rẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún 1989, ọkọ̀ kan tó ru iyọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní trona sọ̀ kalẹ̀ láti Cajon Pass ní California. Nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 6,150 ni ìwé sọ pé ó wúwo, bẹ́ẹ̀ ó tó 8,900, àwọn bíréèkì iná mànàmáná tó wà lára ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò sì ṣiṣẹ́ tán. Eré rẹ̀ ti ju 100 máìlì ní wákàtí kan lọ kí ó tó fò kúrò lójú irin wọ àárín ilé àwọn ará San Bernardino. Ẹ tún wo bí wọ́n ṣe to wágùnù. Bí èyí tó ṣófo bá wà níwájú tí èyí tó wúwo sì wà lẹ́yìn, nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń fà wọ́n gun òkè ní kọ́nà, èyí tó ṣófo lè ṣubú sínú kọ́nà náà, bí okùn tí a fà le ṣe máa ń kúrò ní wíwọ́ tí á sì gún.

Bíréèkì atẹ́gùn ni ọkàn ọ̀rọ̀ náà. Páìpù kan gba abẹ́ gbogbo wágùnù kọjá láti iwájú dé ẹ̀yìn. Bí atẹ́gùn inú rẹ̀ bá dín kù, fáàfù ara wágùnù kọ̀ọ̀kan á darí atẹ́gùn tó wà nínú táǹkì wágùnù náà sí ibi bíréèkì, irin á sì fún wíìlì mọ́ra. Ọgbọ́n tí George Westinghouse dá ní 1872 nìyẹn, ó sì dára púpọ̀, nítorí pé bí páìpù bá já, ọkọ̀ á dúró fúnra rẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé táǹkì wọ̀nyẹn ń jò. Nínú òtútù ńlá, rọ́bà tó dí ojú wọn á le gbagidi, atẹ́gùn á sì máa jáde díẹ̀díẹ̀ láìpariwo.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní òkè Field gan-an nìyẹn. Lálẹ́ ọjọ́ 3 oṣù Kejì 2019, ọkọ̀ tó ní wágùnù ọkà 112 dúró pẹ̀lú bíréèkì pàjáwìrì, nígbà tí òtútù ti wọ nǹkan bíi ìwọ̀n Celsius 28 sísàlẹ̀ òdo. Wọ́n yí fáàfù adátẹ́gùndúró, èyí tí kì í jẹ́ kí atẹ́gùn tètè jáde níbi bíréèkì, lára ọ̀pọ̀ wágùnù, ṣùgbọ́n wọn kò di bíréèkì ọwọ́ kankan. Àwọn òṣìṣẹ́ mìíràn wá gba iṣẹ́. Lẹ́yìn bíi wákàtí mẹ́ta tó ti dúró, ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í yí fúnra rẹ̀, ó sì kúrò lójú irin; àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà nínú rẹ̀ kú, wágùnù 99 ló sì ṣubú. Láàárín ọjọ́ mélòó kan ni ìjọba Kánádà pàṣẹ pé dandan ni kí a di bíréèkì ọwọ́ bí ọkọ̀ bá fi bíréèkì pàjáwìrì dúró lórí irú òkè bẹ́ẹ̀.

Bíréèkì ọwọ́ kò yàtọ̀ sí wẹ́ẹ̀jì tí ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù ń sáré fi sẹ́yìn táyà nílé. Kí ẹ tó wọ àárín wágùnù, kí awakọ̀ ti fèsì lórí rédíò pé òun kò ní mira. Ẹ fẹsẹ̀ múlẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, kí ọwọ́ kan di irin mú, kí ẹ sì fi èkejì yí àgbá bíréèkì náà. Ṣéènì á kọ́kọ́ rọ̀, á wá le, á sì dé ibi tí kò ti ní yí mọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ wò kí ẹ rí i pé irin bíréèkì ti lẹ̀ mọ́ wíìlì lóòótọ́, nítorí yìnyín lè wọ àárín wọn. Apá ìsàlẹ̀ òkè ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ má fo wágùnù kankan títí iye tí òfin sọ á fi pé.

Lẹ́yìn náà ẹ dán an wò: kí awakọ̀ tú gbogbo bíréèkì atẹ́gùn, títí kan ti ẹ́ńjìnnì, kí ẹ sì dúró wò ó bóyá ọkọ̀ á mira. Ibi tí wọ́n ti kùnà ní Nantes, lókè Lac-Mégantic ní Quebec, ní oṣù Keje 2013, nìyí. Bíréèkì ọwọ́ méje ni awakọ̀ dì mọ́ ọkọ̀ tó fa táǹkì epo rọ̀bì 72, ṣùgbọ́n kò tú bíréèkì ẹ́ńjìnnì nígbà tó ń dán an wò. Iná ṣẹ́ lára ẹ́ńjìnnì náà lóru, wọ́n pa iná, wọ́n sì pa ẹ́ńjìnnì. Atẹ́gùn jò tán, ọkọ̀ yí lọ sínú ìlú, ènìyàn 47 sì kú.

Bí wágùnù bá ti ṣubú ńkọ́? Ẹ má dúró sí ìsàlẹ̀ òkè rárá. Ẹ so apá tó ṣì wà lójú irin mọ́lẹ̀ bí ẹni pé ọkọ̀ tuntun ni, kí ẹ tó já a kúrò lára èyí tó ṣubú, kí ẹ sì wo ìwé ẹrù kí ẹnikẹ́ni tó sún mọ́ ọn.

Nígbà tí àtúnṣe bá parí, kí awakọ̀ fún atẹ́gùn sínú páìpù títí ohun ìwọ̀n tó wà ní ìdí ọkọ̀ á fi fi hàn pé ó ti dé ibẹ̀. Kí ó tún tẹ bíréèkì atẹ́gùn, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú ti ọwọ́. Ẹ ka èyí tí ẹ tú bí ẹ ṣe ka èyí tí ẹ dì. Bí ọkọ̀ bá ń kọjá lọ, kí ẹnì kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà kí ó tẹ́tí: wíìlì tí bíréèkì rẹ̀ ṣì dì lè máa fà lórí irin láìyí, ojú kan rẹ̀ á sì jẹ pẹlẹbẹ. Bí ó bá tún wá yí, ẹ ó gbọ́ ọ bó ṣe ń lu irin, gbì, gbì, gbì, kí ẹ tó rí i.