Ohun Tí Olùkọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Ní Abuja Kò Gbọdọ̀ Ṣe Títí Dọjọ́ Ìfẹ̀yìntì

Nínú àwa Yorùbá tó ń kọ́ni ní ilé-ìwé LEA, ìyẹn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba, káàkiri Abuja, láti Kubwa dé Gwagwalada, bóyá la lè rí ẹni tí kò wù kó fi ipò hẹ́dímásítà tàbí hẹ́dímísírẹ́sì fẹ̀yìn tì. Ọ̀pọ̀ wa ló mọ iṣẹ́. Fáìlì tiwa tó wà ní ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ ni a kì í bojú tó, ibẹ̀ ni ọ̀ràn sì ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú irọ́ ọjọ́ orí ná. Ẹlòmíì gé ọdún bíi mélòó kan kúrò nígbà tó ń wáṣẹ́, ó wá gbàgbé pé ọjọ́ ìbí tòótọ́ wà lórí ìwé ẹ̀rí ìwé mẹ́fà òun. Ọjọ́ tí wọ́n bá yẹ ìwé wò, méjèèjì á pàdé lórí tábìlì kan. Òfin ìfẹ̀yìntì olùkọ́ ti ọdún 2022 kúkú ti jẹ́ kí olùkọ́ lè ṣiṣẹ́ di ẹni ọdún 65, tàbí kó lo ọdún 40 lẹ́nu iṣẹ́. 60 àti 35 ni tẹ́lẹ̀. Kí lèèyàn tún fẹ́ fi ọdún tó gé ṣe? Ẹ̀yin ìyáàfin tẹ́ ẹ yí orúkọ bàbá padà sí ti ọkọ, ẹ lọ búra ní kóòtù, ẹ gbé e sínú ìwé ìròyìn, kí ẹ̀dà méjèèjì sì wọ fáìlì lọ́dún yẹn gan-an.

Ẹ má sì gbà pé fáìlì ìjọba kì í bàjẹ́. Mo ti rí èyí tí ikán jẹ láti ẹ̀yìn wọnú: okùn tí wọ́n fi dì í ṣì wà, páálí iwájú ṣì wà, ṣùgbọ́n àwọn lẹ́tà ìgbéga tó wà láàárín ti di ìyẹ̀fun. Ẹni tó ni ín ń gba owó oṣù lẹ́fẹ̀lì 12, kò sì ní ìwé kankan tó fi hàn bó ṣe ti orí 7 débẹ̀. Lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́, ti ìfìdímúlẹ̀, ti ìgbéga kọ̀ọ̀kan: ẹ ṣe ẹ̀dà wọn, kí ọ̀kan wà nílé, kí òmíràn wà lọ́dọ̀ ẹni tẹ́ ẹ gbẹ́kẹ̀ lé.

Owó ìfẹ̀yìntì ńkọ́? Òfin 2014 ní kí wọ́n yọ ìdá 8 nínú 100 owó oṣù yín, kí ìjọba fi 10 tì í. Ẹ máa wo àkáǹtì náà. Ẹni tí kò bá wò ó títí iṣẹ́ fi ku ọdún kan ló máa ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé oṣù kan wọlé, méjì ò wọlé. Ẹ sì wo orúkọ ẹni tẹ́ ẹ ní kó jogún yín. Olùkọ́ tó ti lọ́mọ mẹ́rin lè ṣì fi orúkọ bàbá rẹ̀ tó ti kú síbẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ti wá dọ́gà, èyí tó burú jù lójú tèmi ni kí Yorùbá sọ ilé-ìwé di ilé Yorùbá. Ọ̀gá, igbákejì àti olùkọ́ méjì á kóra jọ sídìí igi máńgòrò, wọ́n á máa fi Yorùbá tú ọ̀rọ̀ ìpàdé palẹ̀, tí Gbagyi, Tiv àti Haúsá tó jókòó nítòsí á máa wojú wọn. Ẹni tí kò bá rí aburú níbẹ̀, kó rántí bó ṣe máa ń rí lára wa tí wọ́n bá ń fi Haúsá sọ̀rọ̀ kọjá lórí wa. Kì í pẹ́ tí ìwé ẹ̀sùn aláìlórúkọ fi máa ń dé ọ́fíìsì ẹ̀kọ́.

Ìbejì rẹ̀ ni kéèyàn pẹ́ níbí kó má gbọ́ Haúsá. Ìyá kan ti ọjà Nyanya dé, ó pọn ọmọ, ó fẹ́ sọ ìdí tí ọmọbìnrin rẹ̀ kò fi wá sílé-ìwé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọ̀gá fi òyìnbó wàásù pàtàkì ẹ̀kọ́ fún un. Obìnrin náà ní "To," ìyẹn "ó dáa," ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Wọn ò rí ọmọ náà mọ́ títí táàmù fi parí. "Ina kwana" (ẹ káàárọ̀), "Yaya yara?" (àwọn ọmọ ńkọ́?), "Me ya faru?" (kí ló ṣẹlẹ̀?). Ṣé ìyẹn le ju ẹni tó gba NCE lọ?

Ẹ má bu ọwọ́ lu rẹ́jísítà tí olùkọ́ mákì ní Jímọ̀ fún odindi ọ̀sẹ̀. Ẹ wọ kíláàsì, ẹ ka orí. Tí ọmọ bá sọnù, tí ọlọ́pàá ń béèrè ọjọ́ tó wá kẹ́yìn, ìwé yẹn ni wọ́n máa gbà, orúkọ yín ló sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Owó tí òbí bá mú wá kò yẹ kó kan ọwọ́ ọ̀gá. Òfin UBE, ìyẹn òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ, ti ọdún 2004 ti sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba di ọ̀fẹ́, ìtanràn tàbí ẹ̀wọ̀n sì wà fún ẹni tó bá gbowó ilé-ìwé. Tó bá jẹ́ owó PTA, kí akápò PTA gbà á, kó já rìsíìtì.

Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ má kàn na kọ́kọ́rọ́ sí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹ jọ ka àga, tábìlì, ìwé àti jẹnẹrétọ̀, kí ẹ̀yin méjèèjì bu ọwọ́ lù ú níwájú ẹlẹ́rìí, kí ẹ mú ẹ̀dà tiyín relé. Mo mọ ẹni tí lẹ́tà ìbéèrè lórí jẹnẹrétọ̀ bá nílé kó tó fojú kan kọ́bọ̀ nínú owó ìfẹ̀yìntì ẹ̀.