Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń lo bẹ́tà-blọ́kà

Ẹni tí àyà ń dùn, tó lo bẹ́tà-blọ́kà (oògùn tó ń mú ọkàn lù jẹ́jẹ́, bíi bisoprolol tàbí atenolol) tí ìrora sì lọ, sábà máa ń rò pé àrùn náà ti lọ. Àṣìṣe àkọ́kọ́ nìyẹn. Bí ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ara ọkàn kò bá tó iṣẹ́ tó ń ṣe, àwọn iṣan ìmọ̀lára inú rẹ̀ á figbe ta. Inú eegun ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń pàdé àwọn tó ń ti apá òsì bọ̀, ìyẹn ni ìrora ọkàn fi lè jáde sí apá. Adrenaline, kẹ́míkà tí ara ń tú jáde nígbà ìpayà tàbí iṣẹ́ líle, ló ń mú ọkàn sáré, orí rìsẹ́pítọ̀ bẹ́tà (ìjókòó tirẹ̀ lára ọkàn) ló sì ń dì mọ́ kó tó lè ṣe é. Oògùn yìí gba orí ìjókòó yẹn mọ́ ọn lọ́wọ́: ọkàn ń lù jẹ́jẹ́, iṣẹ́ dín kù, iṣan dákẹ́. Òpó ẹ̀jẹ̀ tó há ṣì há.

Èyí tó léwu jù ni kí ẹ dá oògùn náà dúró lójijì. Bó bá ti pẹ́ tí wọ́n ti ń dí rìsẹ́pítọ̀, ara á máa ṣe òmíràn kún un. Lọ́jọ́ tí oògùn bá tán, adrenaline á bá èyí tó pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìrora àyà lè padà kíkankíkan, ìkọlù ọkàn pàápàá lè ṣẹlẹ̀. Bí ó bá di dandan kí ẹ dá a dúró, dókítà ló máa ń dín in kù díẹ̀díẹ̀ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 1 sí 2. Ẹ ra òmíràn nígbà tó bá ku ti ọ̀sẹ̀ kan. Ààwẹ̀ náà kì í ṣe àwáwí: èyí tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́ ṣeé sún sí sààrì tàbí ìṣínu, ẹ ṣáà bi oníṣègùn yín.

Ẹ má yá propranolol, tóun náà jẹ́ bẹ́tà-blọ́kà, lọ́wọ́ aládùúgbò nítorí àyà tó ń já. Rìsẹ́pítọ̀ bẹ́tà wà nínú ọ̀nà èémí náà. Ẹni tó ní ikọ́ fée lè bẹ̀rẹ̀ sí í wá èémí, salbutamol, oògùn fífà símú tó ń ṣí ọ̀nà èémí, tó yẹ kó gbà á sílẹ̀ kò sì ní ṣiṣẹ́ tó bó ṣe yẹ. Kódà timolol, bẹ́tà-blọ́kà tí wọ́n ń kán sójú fún glaucoma (àrùn tó lè fọ́ni lójú), ń gba ihò imú wọ inú ẹ̀jẹ̀ (ọ̀pọ̀ kì í ka ti ojú mọ́ oògùn rárá). Ẹ fi ìka tẹ igun ojú tó sún mọ́ imú fún ìṣẹ́jú 2 lẹ́yìn tí ẹ bá kán an, kí ẹ sì dárúkọ rẹ̀ fún dókítà.

Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra ju èyí lọ. Bí ṣúgà bá já wálẹ̀, oògùn náà lè bo ara gbígbọ̀n àti àyà lílù mọ́lẹ̀, àmọ́ òógùn ṣì máa ń bọ̀. Bí ẹ bá ṣàdédé làágùn, ẹ gún ìka yín láti fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wo ṣúgà. Bó bá kéré sí 70 mg/dL, ẹ mu ohun dídùn kíá. Àtọ̀gbẹ tó ti pẹ́ tún lè ba iṣan ìmọ̀lára ọkàn jẹ́, kí ìkọlù ọkàn wá láìsí ìrora. Bí èémí bá ṣàdédé gé, tí èébì ń gbé èèyàn, tí ṣúgà rẹ̀ kò sì já, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbà lọ, bí àyà kò tilẹ̀ dùn yín.