Ohun tí mo gbé sórí láptọ́ọ̀pù Bàbá Tíṣà

Bàbá Tíṣà, ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó ń gbé ní Ìbarà, ni akọ̀wé ìpàdé mọ̀lẹ́bí wa. Láptọ́ọ̀pù tí wọ́n fi ń ṣe é ti gbó: Core i3 ìran kẹrin ni ọpọlọ rẹ̀, RAM rẹ̀, ìyẹn àyè tó fi ń ṣiṣẹ́, kò ju 4GB lọ. Bí wọ́n bá tàn án láàárọ̀, wọ́n á mu ẹ̀kọ tán kó tó ṣí. Windows 10 ni ètò tó ń darí rẹ̀, Microsoft sì ti dáwọ́ ìtọ́jú rẹ̀ dúró láti ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025. Windows 11 kò gba ọpọlọ ìran kẹrin. Àwọn kan mọ bí wọ́n ṣe ń fi tipátipá gbé e wọlé, àmọ́ tó bá dàrú lóru, ta ni Bàbá máa pè?

Mo bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń fi ṣe gan-an. Wọ́n ní àwọn ń kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé, àwọn ń ka ìròyìn, àwọn sì ń wo ìwàásù lórí YouTube. “Má wulẹ̀ fi mí sí kíláàsì tuntun o, mo ti fẹ̀yìn tì.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ló yanjú ẹ̀ fún mi. ChromeOS Flex, ètò ti Google, fúyẹ́, ṣùgbọ́n íntánẹ́ẹ̀tì ló gbójú lé, dátà sì ti wọ́n jù. Ubuntu, ọ̀kan nínú àwọn ètò Linux tó jẹ́ ọ̀fẹ́, dáa, àmọ́ ẹ̀gbẹ́ òsì ni ọ̀pá tí wọ́n to àmì àwọn ètò sí wà, ó sì wúwo fún 4GB. Linux Mint, ètò Linux mìíràn, ni mo mú, ẹ̀yà Xfce tó fúyẹ́ jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí wọ́n ń ṣe. Ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ òsì ni Menu rẹ̀ wà, ibẹ̀ náà ni ọwọ́ Bàbá máa ń lọ tẹ́lẹ̀. Mint 22 yóò sì máa gba àtúnṣe títí di 2029.

Mo kọ́kọ́ kó gbogbo fáìlì wọn pamọ́. Lẹ́yìn náà ni mo fi Rufus, ètò kékeré tó wà fún irú iṣẹ́ yìí, gbé Mint sórí fíláàṣì, mo sì tan kọ̀ǹpútà láti orí fíláàṣì náà, nítorí èèyàn lè dán an wò bẹ́ẹ̀ láìfọwọ́ kan ohunkóhun nínú. Wi-Fi ṣiṣẹ́, ohùn jáde. Àkọsílẹ̀ tí wọ́n fi Word kọ ṣí nínú LibreOffice, ètò ìkọ̀wé inú Mint, àfi tábìlì orúkọ àwọn tó wá sípàdé tó yẹ̀ díẹ̀. Kí n tó gbé e wọlé pátápátá, mo ní kí àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Pánsẹ́kẹ́ bá mi fi SSD, irú dísìkì tó yára, rọ́pò dísìkì àtijọ́. Ká má purọ́, SSD yẹn ló mú un yá kánkán jù Linux lọ.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù ni ti kíbọọ̀dù. Tẹ́lẹ̀, Bàbá á tẹ ìwé jáde tán, wọ́n á wá mú bírò, wọ́n á máa to àmì sábẹ́ ẹ, ọ àti ṣ lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú ìwé lẹ́yìn ojú ìwé. Kíbọọ̀dù Yorùbá ti Nàìjíríà wà nínú Mint. Abẹ́ Layout, níbi tí wọ́n ti ń ṣètò kíbọọ̀dù, ni mo ti fi kún un. Nígbà tí “ẹ” jáde lójú kọ̀ǹpútà, wọ́n yọ awò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún tẹ̀ ẹ́. Àmì ohùn ṣì wà lọ́wọ́ bírò. Wọ́n ní kí n rọra.

Mo sọ lẹ́tà di ńlá, mo sì ṣètò Timeshift kó máa pa ẹ̀dà Mint mọ́, ká lè padà sẹ́yìn bí nǹkan bá bàjẹ́. Bí àmì ààbò tó wà nísàlẹ̀ bá ní àtúnṣe wà, mo ní kí wọ́n fi sílẹ̀, èmi á tẹ̀ ẹ́ tí mo bá yà kí wọn lọ́jọ́ Ìsinmi.