Ẹ wo afẹ́fẹ́ kí ẹ tó wo fọ́tò: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú yíyan etíkun ní Kírétè

Ní oṣù Keje tó kọjá, ìdílé kan pè mí láti erékùṣù Kírétè ní nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán. Wọ́n ti wakọ̀ ju wákàtí kan lọ láti ẹ̀gbẹ́ ìlú Chania dé Falassarna, etíkun tí wọ́n ti ń wo fọ́tò rẹ̀ láti ìgbà òtútù, wọn ò sì lè wọ omi. Àsíá pupa ni wọ́n ta síbẹ̀. Iyanrìn ń ta àwọn ọmọ lójú, ìyá àgbà jókòó sínú ọkọ̀, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ra. Ọjọ́ méje péré ni wọ́n ní fún ìsinmi yẹn, ọ̀kan sì ti bá afẹ́fẹ́ lọ, pẹ̀lú owó ọkọ̀ àti owó epo. Inú bí mi gidigidi, torí alẹ́ tó ṣáájú ni mo ti ránṣẹ́ sí wọn pé afẹ́fẹ́ ọjọ́ kejì kò ní dáa fún apá ibẹ̀.

Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń bá àwọn ẹbí, ọ̀rẹ́ àti ará ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Lọ́ńdọ̀nù ṣètò ìsinmi létí Òkun Mẹditaréníà. Kírétè, ní ilẹ̀ Gíríìsì, ni mo mọ̀ jù. Mi ò ní kọ́ ẹnikẹ́ni bí wọ́n ṣe ń ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ohun tó ń dùn mí ni pé lọ́dọọdún, àwọn èèyàn wa tó fi òógùn ojú kó owó jọ ń dé ibẹ̀, wọ́n sì ń ṣe àṣìṣe kan náà tí àwọn tó lọ lésìí ṣe.

Àṣìṣe kìíní: físà. Bí ẹ bá ṣì ń lo páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà, ìwé ìgbélùú Ìlú Ọba kò lè mú yín wọ Gíríìsì. Físà Schengen ni, ẹ sì gbà á kí ẹ tó san owó hòtẹ́ẹ̀lì tí wọn kì í dá padà.

Àṣìṣe kejì: kí ẹ máa rò pé erékùṣù kékeré ni. Láti ìpẹ̀kun ìwọ̀ oòrùn dé ìpẹ̀kun ìlà oòrùn, Kírétè gùn tó nǹkan bíi 260 kìlómítà. Ẹ rìn láti Èkó dé Ìbàdàn, kí ẹ tún padà sí Èkó, ẹ ti mọ gígùn rẹ̀ nìyẹn. Òkè ló sì kún àárín rẹ̀, àwọn òkè tí yìnyín ṣì máa ń wà lórí wọn títí di oṣù Kárùn-ún. Àwọn èèyàn á rí hòtẹ́ẹ̀lì tó dínwó ní Hersonissos, ní ìlà oòrùn Heraklion, wọ́n á wá kọ etíkun Balos àti Elafonisi sílẹ̀ pé ibẹ̀ làwọn máa lọ, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìpẹ̀kun ìwọ̀ oòrùn ni méjèèjì wà. Láti Hersonissos sí Elafonisi, ó ju wákàtí mẹ́ta lọ ní àlọ nìkan. Kódà láti Chania, tí kò jù 75 kìlómítà lọ, wákàtí kan àbọ̀ ni, torí ọ̀nà òkè tó ń lọ́ kọ́lọkọ̀lọ ni. Ẹ kọ́kọ́ mọ apá ibi tí etíkun tí ẹ fẹ́ wà, kí ẹ wá wá hòtẹ́ẹ̀lì sí apá ibẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rí igbó ọ̀pẹ Vai ní ìlà oòrùn, tó tún fẹ́ rí Elafonisi, kó pín ìsinmi rẹ̀ sí ìlú méjì tàbí kó fi ọ̀kan sílẹ̀ di ọdún mìíràn.

Àṣìṣe kẹta ni ti afẹ́fẹ́, òun gan-an ló sì mú mi jókòó kọ ọ̀rọ̀ yìí.

Nínú oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ, afẹ́fẹ́ kan máa ń fẹ́ láti àríwá wá. Meltemi ni àwọn ará Gíríìsì ń pè é. Ilẹ̀ Tọ́kì máa ń gbóná gan-an nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ á fúyẹ́. Èyí tó wà lórí ilẹ̀ Balkan wúwo jù ú lọ, á wá máa ya lọ síbẹ̀, orí Òkun Aegean ló sì ń gbà kọjá. Ohun tó fi ń tan àwọn èèyàn wa jẹ ni pé kì í mú òjò wá. Nílé, bí ìjì bá ń bọ̀, ojú ọ̀run á ṣú, adìẹ á wọlé, olúkúlùkù á sáré kó aṣọ tó sá. Meltemi kò rí bẹ́ẹ̀. Ojú ọ̀run á mọ́ gaara, oòrùn á máa ràn. Ní òwúrọ̀, gbogbo nǹkan lè dákẹ́ rọ́rọ́; tó bá di ọ̀sán, agboòrùn ti ń fò kiri. Ó lè fẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Etíkun tó kọjú sí àríwá ló ń jẹ ìyà rẹ̀. Rethymno, Georgioupoli, Platanias: iyanrìn wọn lọ salalu, wọ́n sì rẹwà, àmọ́ kò sí nǹkan púpọ̀ níwájú wọn tó lè gba ìgbì dúró. Omi tó ń padà lábẹ́ ìgbì yẹn á sì máa fa èèyàn lẹ́sẹ̀ lọ. Ẹni tó mọ Bar Beach ní Èkó láyé ijọ́un mọ irú omi bẹ́ẹ̀, a sì ń bẹ̀rù rẹ̀. Kí ló wá dé tí ẹni yẹn kan náà á fi dé Kírétè, tá máa rò pé inú abọ́ ìwẹ̀ lòun wà? Òótọ́ ni pé Mẹditaréníà kì í kún kó sì fà bíi ti Àtìláńtíìkì. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ìyàtọ̀ kíkún àti fífà rẹ̀ kò ju gígùn rúlà ọmọ iléèwé lọ. Ọjọ́ tó bá hó, òkun náà ni. Òkun kì í hó ruru ká wà á ruru.

Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ wá ibi tí ilẹ̀ ti dí afẹ́fẹ́. Marathi, lórí ilẹ̀ Akrotiri nítòsí Chania, fara pamọ́ fún afẹ́fẹ́ àríwá, omi rẹ̀ kò sì jìn. Stavros, lórí ilẹ̀ Akrotiri kan náà, ní àpáta tó fẹ́rẹ̀ẹ́ yí omi rẹ̀ ká. Kò sí èyí tó lókìkí tó Balos nínú méjèèjì, ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn mi fi máa ń fojú di wọ́n nígbà tí mo bá dárúkọ wọn.

Àwọn tó gbọ́n díẹ̀ á ní gúúsù làwọn ń lọ nígbà náà. Ó dáa, àmọ́ ewu mìíràn wà níbẹ̀, èyí tí mo fi ojú ara mi rí. Afẹ́fẹ́ àríwá yẹn á gun òkè, á sì já bọ́ sí gúúsù láti àárín àwọn àfonífojì. Omi etí ilẹ̀ á tẹ́ pẹrẹsẹ bíi dígí, torí ẹ̀yìn ilẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ti ń wá. Ojú agbami, síhà Líbíà, ló sì ń ti ohunkóhun tó bá léfòó lọ. Lọ́dún kejì tí mo lọ, ní Plakias, mo ra pẹ́pẹ́yẹ onírọ́bà kan fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà náà. Ó gùn ún, ó ń rẹ́rìn-ín, mo sì yíjú sí fóònù mi. Ìgbà tí mo máa wòkè, ó ti jìnnà débi tí mi ò fi lè wẹ̀ bá a. Ọkùnrin kan tó ń palẹ̀ ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ mọ́ ló gbọ́ igbe mi tó lọ gbé e. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá rí òbí tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú rọ́bà fún ọmọ lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ láti ilẹ̀ lọ sí òkun, mo máa ń dìde lọ bá a, bí kò tiẹ̀ mọ̀ mí rí. Ẹlòmíràn ti bú mi nítorí ẹ̀. Mi ò ní yé ṣe é.

Àwọn tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì nínú wa ti gbọ́ nípa irú ìjì tó ń já láti orí òkè bẹ́ẹ̀. Gúúsù Kírétè ni ọkọ̀ tó ń gbé Pọ́ọ̀lù Àpọ́sítélì lọ sí Róòmù wà, ní èbúté tí wọ́n ń pè ní Kali Limenes títí dòní. Afẹ́fẹ́ gúúsù ń rọra fẹ́, wọ́n sì rò pé ó ti bọ́ sí i, ni wọ́n bá tukọ̀. Kò pẹ́ tí ìjì fi rọ́ lù wọ́n láti orí erékùṣù náà, ó sì gbá wọn lọ títí ọkọ̀ wọn fi fọ́ ní Málítà.

Ẹ wo bí àwọn onílùú ṣe ń ṣe é. Ìlú Paleochora, ní gúúsù ìwọ̀ oòrùn, nà wọ inú òkun bí ahọ́n. Ó ní etíkun oníyanrìn ní ìwọ̀ oòrùn, ó sì ní olókùúta wẹẹrẹ ní ìlà oòrùn. Bí afẹ́fẹ́ bá dojú kọ ọ̀kan, wọ́n á gbé aṣọ ìnura wọn lọ sí èkejì. Kò gba ju ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ.

Ní alẹ́, kí ẹ tó sùn, ẹ wo nǹkan méjì lórí fóònù yín: ibi tí afẹ́fẹ́ ọ̀la ti ń bọ̀ àti agbára rẹ̀. Bí wọ́n bá ní afẹ́fẹ́ àríwá, láti àríwá ló ti ń bọ̀; kì í ṣe pé ó ń lọ sí àríwá. Mo ti rí ẹni tó ka èyí sódì, tó lọ jókòó síwájú ìjì gan-an. Òṣùwọ̀n Beaufort ni wọ́n fi ń ka agbára rẹ̀ níbẹ̀. Tó bá jẹ́ 3, kò séwu. Tó bá jẹ́ 5, ìyẹn nǹkan bíi 29 sí 38 kìlómítà ní wákàtí kan, iyanrìn á ti máa fò. Tó bá ti di 6, ẹ yáa yí ibi tí ẹ̀ ń lọ padà. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí máàpù, kí ẹ wo ìhà tí etíkun yẹn kọjú sí àti bóyá òkè tàbí ilẹ̀ kan wà tó dí i. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni gbogbo rẹ̀. Bákan náà ló rí ní erékùṣù Menorca ní Sípéènì, níbi tí afẹ́fẹ́ àríwá ti ń lé àwọn èèyàn lọ sí àwọn etíkun gúúsù, àti ní àríwá erékùṣù Sardinia ní Ítálì, níbi tí afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń pè ní mistral ti ń jà.

Ẹ tún mọ ẹni tí ẹ mú dání. Màmá mi ti lé ní àádọ́rin ọdún nígbà tí mo mú wọn lọ sí Balos. Ọ̀nà eléruku, olókùúta, tí ó tó kìlómítà 8 la gbà, táyà kan sì bẹ́. Nígbà tí mo ka ìwé àdéhùn ọkọ̀ tí a háyà, ó wà níbẹ̀ kedere pé ìbánigbófò kò kan táyà, kò kan abẹ́ ọkọ̀, kò sì kan ọ̀nà tí kò lọ́dà. Mo sanwó rẹ̀. Láti ibi ìgbọ́kọ̀sí, èèyàn á tún fẹsẹ̀ sọ̀kalẹ̀ fún nǹkan bí ìdajì wákàtí, àtẹ̀gùn òkúta ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Màmá sọ̀kalẹ̀. Gígùn un padà nínú oòrùn ọ̀sán ló kù. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni wọ́n jókòó sinmi, wọn ò sọ nǹkan kan sí mi, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ wọn ló sì dùn mí jù. Ọkọ̀ ojú omi wà láti èbúté Kissamos tó ń dé Balos ní nǹkan bíi wákàtí kan. Mo mọ̀ pé ó wà. Mo fẹ́ fi owó pamọ́ ni.

Bàtà omi: ẹ rà á kí ẹ tó lọ. Ẹ̀gún òòrẹ̀ òkun kì í ṣe eré.

Àwọ̀ dúdú náà ń jó lóòrùn. Ẹ fi ìpara tó ń dáàbò boni lọ́wọ́ oòrùn pa á.

Iyanrìn Elafonisi tó pọ́n díẹ̀: èérún ìkarahun ẹ̀dá òkun kéékèèké ló mú un rí bẹ́ẹ̀, etí omi lẹ ti máa rí i jù, kò sì pọ́n tó bó ṣe rí nínú fọ́tò. Òfin kò gbà kí ẹ bù ú lọ sílé. Ẹ dé ibẹ̀ kí aago mẹ́sàn-án tó lù, tàbí kí ẹ dúró di ìrọ̀lẹ́.

Àwọn etíkun kan wà tí fọ́tò wọn kún ibi gbogbo, tí wọn kò sì gbani láàyè mọ́. Etíkun Navagio ní Zakynthos, níbi tí ọkọ̀ ojú omi tó ti dípẹtà wà lórí iyanrìn, ti di èèwọ̀ fún ọkọ̀ láti gúnlẹ̀ sí, torí àpáta rẹ̀ ń ya lulẹ̀. Síbẹ̀, nítorí rẹ̀ nìkan ni tọkọtaya kan tí mo mọ̀ ṣe lọ sí erékùṣù yẹn. Ní La Pelosa, ní Sardinia, èèyàn 1,500 péré ni wọ́n ń gbà lójúmọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ sì gbọ́dọ̀ sanwó, kí ẹ gba àyè sílẹ̀. Ẹ bèèrè kí ẹ tó wọkọ̀ òfurufú.

Ti àga ńkọ́? Ẹ bèèrè iye rẹ̀ kí ẹ tó jókòó, ẹ sì bèèrè bóyá ti oúnjẹ wà lọ́tọ̀. Lábẹ́ òfin Gíríìsì, gbogbo èèyàn ló ni etíkun. Lọ́dún 2023, àwọn ará erékùṣù Paros gbé aṣọ ìnura jáde láti fẹ̀hónú hàn nítorí àga olówó tó gba gbogbo iyanrìn. Òfin ọdún 2024 wá ní kí ó kéré tán ìdajì etíkun ṣófo láìsí àga olówó, kí àga kankan má sì sún mọ́ omi ju mítà 4 lọ. Nítorí náà, ẹ lè tẹ́ aṣọ yín sílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti lé yín.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé pe ewé òkun ní ìdọ̀tí. Koríko kan wà tó ń hù nísàlẹ̀ Mẹditaréníà, Posidonia oceanica lorúkọ rẹ̀, kò sì sí níbòmíràn láyé. Ewé rẹ̀ tó kú máa ń kó jọ sí etí omi, ó máa ń rí bíi pẹ̀tẹ́pẹ́tẹ́ aláwọ̀ ilẹ̀. Òun ni kì í jẹ́ kí ìgbì ìgbà òtútù gbá iyanrìn lọ, ibi tí omi bá sì mọ́ ló ti ń hù dáadáa. Mo ti rí ìdílé tó rí i, tí wọ́n yí ọkọ̀ padà, tí wọ́n fi ogójì ìṣẹ́jú wá ibòmíràn. Mítà mẹ́wàá péré sí ewé yẹn, omi mọ́ débi tí ẹ fi lè ka ìka ẹsẹ̀ yín.

Ìdílé tí mo fi bẹ̀rẹ̀, mo ní kí wọ́n lọ sí Marathi ní ọjọ́ kejì. Afẹ́fẹ́ ṣì ń fẹ́. Wọ́n tún pè mí ní aago mẹ́ta ọ̀sán, ìyá àgbà ló sì di fóònù mú lọ́tẹ̀ yìí. Wọ́n ní omi ò ju orúnkún àwọn lọ, àwọn ò sì tíì fẹ́ jáde.